Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní í gbàgbé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọdún kẹrin dìde, ó dá a lábàá pé ní ọjọ́ tí a ó ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ọkọ̀ wá dárà fún wa. Kí wọ́n sáré, kí wọ́n yí ọkọ̀ bírí, kí èéfín máa rú lábẹ́ táyà, kí àwa èrò ìworan máa pàtẹ́wọ́. Ariwo ta. Àwọn kan ní kò tún sí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní ikú ni wọ́n ń fi owó pè. Alága lu tábìlì títí, ó ní kí ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé tó ń bọ̀.

Kí ìpàdé ọ̀hún tó tó, àwa fẹ́ sọ tiwa sínú ìwé ìròyìn yìí. A kò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n má ṣe é rárá. Ọ̀dọ́ ni wá, ọkọ̀ asáré wù wá bí ó ṣe ń wu ọ̀dọ́ gbogbo. Àmọ́ nígbà tí ìpàdé tú, a tẹ̀lé àwọn ọlọ́kọ̀ wọ̀nyí dé ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ márùn-ún ni: Golf 3 méjì, Honda Civic kan, BMW kan, àti Corolla kan tí olówó rẹ̀ ti gé sípíríìngì rẹ̀ kúrú títí tó fi ń wọ́ ikùn nílẹ̀ bí ewúrẹ́ olóyún. Rímù wọn ń dán, o lè fi wo ojú rẹ kí o sì fá irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n táyà tó wà lórí rímù dídán wọ̀nyẹn! Ọ̀kan ti pá bí orí bàbá àgbà. Òmíràn ti sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹni tí ọyẹ́ bá jà. Golf kan sì wà tó jẹ́ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni pé ìjọba àpapọ̀ ló pín in kárí ìpínlẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tiwa ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ sáré, táyà ni kí ó kọ́kọ́ náwó sí, kí rímù tó bá a mu tẹ̀lé e. Ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ orin àti sàlẹ́ńsà tó ń ké bí ìbọn lè dúró. Ẹni tí kò bá sì lè fi táyà rẹ̀ hàn wá, kó má ṣe wọ agbo lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ọmọ ta ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Ibi tí táyà kan ti kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà kan lọ púpọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ló so ọkọ̀ tó wọn ju 1,000 kílò lọ mọ́ ilẹ̀. Gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì ní, ibẹ̀ ló ń gbà. Sítíárì tí o ń yí, ibẹ̀ ló ń gbà. Bíréèkì pàápàá, ọ̀pọ̀ wa rò pé òun ló ń dá ọkọ̀ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni bíréèkì ń dá dúró, táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró. Bí táyà kò bá di ilẹ̀ mú, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò dúró gbagidi, ọkọ̀ yóò sì máa yọ̀ lọ bí ọṣẹ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sá eré ọkọ̀ ní tòótọ́ kì í fi èéfín yangàn. Táyà tó ń rú èéfín ń yí lásán ni, tàbí ó ń wọ́ nílẹ̀. Kò di ilẹ̀ mú tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ wà lórí pápá ìdíje, táyà rẹ̀ á kàn ké díẹ̀ ní kọ́nà, ó tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo sinimá The Fast and the Furious mọ Paul Walker. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2013, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Roger Rodas wà níbi ètò ìkówójọ kan fún àwọn tí ìjì líle ṣe lọ́ṣẹ́ ní Philippines. Wọ́n jáde níbẹ̀ nínú Porsche Carrera GT kan tó jẹ́ ti ọdún 2005, Rodas ló sì wà á. Kì í ṣe òpè o, òun náà máa ń díje nínú eré ọkọ̀. Ọkọ̀ ọ̀hún ní sìlíńdà 10, agbára rẹ̀ ju ti ẹṣin 600 lọ. Wọn kò padà dé. Ọkọ̀ náà kọlu òpó iná àti igi, ó gbiná, àwọn méjèèjì sì kú. Nígbà tí àwọn agbófinró agbègbè Los Angeles gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde ní 2014, wọ́n ní eré àsápajúdé ló fà á: máìlì 80 sí 93 ní wákàtí kan, lójú títì tí òfin ní kí a má ṣe kọjá 45. Wọ́n sì fi ohun kan kún un tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Táyà ọkọ̀ náà ti lo ọdún 9, ó sì ṣeé ṣe kí ọjọ́ orí yẹn ti dín bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu kù. Ọkọ̀ olówó iyebíye, awakọ̀ tó mọṣẹ́, táyà tó ti darúgbó. Bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Porsche, kí ni ká ti sọ ti Golf tó ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún?

Ọjọ́ orí táyà kò sí nínú dídán rẹ̀, torí pé àwọn tó ń tà á mọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró àti àwọ̀ dúdú pa á. Inú nọ́ńbà ló wà. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tẹ̀lé e dé ìparí, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí o kò bá rí i lójú ìta, yọjú wo ẹ̀gbẹ́ inú, torí apá kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí nígbà mìíràn. Bí ó bá sì jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta ni o rí, a ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé. Tú u kí o fi so jangilọ́fà fún àwọn ọmọ kékeré. Rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ ń mú kí ó le, kí ó sì sán, ẹ̀yin tí ẹ bá mọ oòrùn oṣù kẹta ní ìhà Àríwá yìí sì mọ̀ pé kò sí táyà tí kì í kú díẹ̀díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní kí a pààrọ̀ táyà lẹ́yìn ọdún 6. Nínú táyà 20 tí a kà lọ́jọ́ yẹn, mẹ́rin péré ni kò tíì kọjá bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kọ̀ BMW ní òun kò mọ̀ pé nọ́ńbà kankan wà níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí rímù, torí ibẹ̀ ni owó ń bá lọ jù. Lójú àwọn ọmọ ọgbà wa, bí rímù bá ṣe tóbi tó ni ọkọ̀ ṣe jẹ́ gidi tó. Àwọn tó ń sáré lórí pápá kò rò ó báyìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni rímù tó fúyẹ́, tó sì kéré jù lọ tí bíréèkì ọkọ̀ náà ṣì lè gba inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó wúwo ṣòro láti gbéra, ó ṣòro láti dá dúró, bí ó bá sì ko gegele, ṣọ́ọ̀kì kì í tètè rí i dá padà sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tí a wí lẹ́ẹ̀kan á ti kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ bàtà tó kún fún omi sáré rí mọ ohun tí a ń sọ. Rímù 15 tó dára lè wọn bíi kílò 6. Rímù 17 olówó pọ́ọ́kú lè ju 10 lọ, kí a tó gbé táyà lé e.

Mazda MX-5 ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ asáré kékeré tí a lè ṣí orí rẹ̀, tó jáde ní 1989, tí àwọn tó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ wọn sáré lórí pápá ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba fẹ́ràn púpọ̀. Rímù 14 ló gbé jáde, pẹ̀lú táyà 185/60R14. Ìwọ̀n kan náà yìí wà lára èyí tí Volkswagen fi sí Golf 3, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun lásán ni a ń sọ. Àwọn tó ń gbé MX-5 wọ pápá sábà máa ń kúrò ní 14 bọ́ sí 15, wọn a sì dúró síbẹ̀: rímù 15 tó fẹ̀ tó íǹṣì 7 sí 9, táyà 205/50R15 tàbí 225/45R15. Bíréèkì gba inú rẹ̀, táyà tó dára pọ̀ ní ìwọ̀n yẹn, owó rẹ̀ kò sì ga bíi ti 17. Ẹ ṣàkíyèsí pé fífẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe gíga. Rímù tó fẹ̀ bó ṣe yẹ ló ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ táyà dúró ṣánṣán nígbà tí ọkọ̀ bá yà. Bí a bá fún táyà fífẹ̀ mọ́ orí rímù tóóró, á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọmọge tó wọ bàtà gogoro fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè bá wa lọ: bí o bá rí 195/50R15 82V, 195 ni fífẹ̀ táyà ní milimítà, 50 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdajì fífẹ̀ náà, 15 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. 82 ń sọ pé táyà kan lè gbé kílò 475. V ń sọ pé eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 240 ní wákàtí kan. H jẹ́ 210, T jẹ́ 190. Táyà tuntun ni wọ́n ń sọ o, tó ní afẹ́fẹ́ tó yẹ nínú, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lẹ̀ nígbà mẹ́ta.

Rímù sì lè dára kó má bá ọkọ̀ rẹ mu. Ohun tí a bá ọlọ́kọ̀ Golf pupa fà nìyí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ra rímù lára Civic ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní ihò mẹ́rin nìyí, ihò mẹ́rin nìyẹn, kí ló tún kù? Òótọ́ ni pé 4×100 ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí òbíríkítí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ milimítà 100. Ṣùgbọ́n ihò àárín rímù Civic jẹ́ 56.1, họ́ọ̀bù Golf sì jẹ́ 57.1. Kò lè jókòó. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n fi fáìlì ha á! Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ha á, kò sì sí bí ihò náà ṣe lè ṣe roboto mọ́. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ rímù Golf ni a gbé sára Civic, milimítà kan yóò ṣẹ́ kù, àfi kí a fi òrùka kékeré dí àlàfo náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí eré bá ti pọ̀. Orí bóòtù náà tún wà níbẹ̀. Ti Volkswagen rí roboto bí bọ́ọ̀lù níbi tó ti jókòó, ọ̀pọ̀ rímù tí wọ́n ń tà lọ́jà sì ń fẹ́ èyí tó rí ṣóńṣó. Bí o bá fi ọ̀kan sínú ihò èkejì, kò ní jókòó dáadáa bí o bá dè é títí ọwọ́ rẹ fi ro ọ́, yóò sì máa tú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀.

Táyà wo wá ni kí a rà? Lára táyà tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, wàá rí TREADWEAR àti nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà ńlá, 500 tàbí 600, jẹ́ ti rọ́bà líle tó ń pẹ́. Nọ́ńbà kékeré jẹ́ ti rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí àtè, tó sì ń tètè jẹ tán. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún táyà ara rẹ̀ ní nọ́ńbà, nítorí náà má fi ti ẹnì kan díwọ̀n ti ẹlòmíràn jù. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ kan náà lọ sí pápá, tí wọ́n á fi sáré, tí wọ́n á tún wà á padà sílé, 200 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí ojú rẹ̀ dán láìsí ìlà kankan, tí wọ́n ń pè ní slick. Ti ìdíje nìkan ni. Ìlà ojú táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, omi ló ń lé jáde. Níbi tí kò ti sí omi, slick di ilẹ̀ mú ju gbogbo wọn lọ, bí òjò bá sì rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ó léfòó.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní táyà òun tó ti pá ni slick tòun. A rẹ́rìn-ín títí. Slick jẹ́ rọ́bà tuntun, rírọ̀, tó kún. Táyà tó pá jẹ́ rọ́bà àtijọ́ líle tó ti jẹ dé ìsàlẹ̀, tí wáyà inú rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti yọjú. Ọmọ jòjòló kò ní irun, bàbá arúgbó kò ní irun. Ṣé ọjọ́ orí wọn dọ́gba?

Fún ohun tí a fẹ́ ṣe nínú ọgbà, a kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra 200. Táyà tuntun lásán, ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà gbé jáde, tó jẹ́ irú kan náà ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti tó. Bí owó kò bá ju ti méjì lọ, ẹ̀yìn ni kí o fi méjì tuntun náà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú ló ń fa Golf. A mọ̀ pé mẹkáníìkì yín yóò ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀, o ṣì lè dẹ ẹsẹ̀ kí ó padà wá. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, kí o tó mọ̀, ibi tí o ti ń bọ̀ ni o ń wò.

Afẹ́fẹ́ inú táyà ńkọ́? Mai faci tó wà níta ọgbà, ẹni tí àwọn ará ilé ń pè ní fọkanáísà, kì í béèrè irú ọkọ̀ tí o gbé wá. 40 ló ń fún gbogbo wa. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ìlẹ̀kùn awakọ̀ tàbí inú ìdérí ibi tí a ti ń bu epo. Nọ́ńbà ńlá tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìmọ̀ràn, òpin tí kò gbọdọ̀ kọjá ni. Àwọn eléré tún ní ọgbọ́n tiwọn. Bí táyà bá ṣe ń gbóná ni gééjì ń gòkè, bí 1 fún bíi digírì 5 sí 6 tí ooru bá fi lé. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tó dín díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rọra yípo kí táyà lè gbóná, torí pé rọ́bà tútù kì í lẹ̀, wọ́n á sáré, wọ́n á wọlé, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n kí ó tó tutù. Àwọn Formula One tilẹ̀ ti pẹ́ nídìí à ń fi búláńkẹ́ẹ̀tì oníná bo táyà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé afẹ́fẹ́ tó dín yẹn wọ ọ̀nà Kaduna o. Kí o tó lọ sílé, kí o kún un padà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ń tẹ̀ síwá-sẹ́yìn, á gbóná nínú, á sì bẹ́.

Àwọn kan sọ ní ìpàdé pé ojo ló ń wo táyà kí ó tó sáré. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Indianapolis ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2005 fún wọn. Ìdíje Formula One ti Amẹ́ríkà ni. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀, táyà Michelin tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Ralf Schumacher bàjẹ́ ní kọ́nà 13, níbi tí ilẹ̀ ti dagun tí eré sì pọ̀ gan-an, ọkọ̀ náà sì lọ kọlu ògiri. Michelin yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé táyà tí àwọn kó wá yóò la ìdíje já bí wọn kò bá dín eré kù ní kọ́nà yẹn. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ohun tó ń dín eré kù síbẹ̀, àwọn aláṣẹ kò gbà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ 20 jáde, wọ́n yípo ẹ̀ẹ̀kan láti fi gba ipò, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ 14 tó ń lo Michelin yà wọlé lọ jókòó. Ọkọ̀ 6 tó ń lo Bridgestone nìkan ló sáré, Michael Schumacher sì gba ipò kìíní. Àwọn èrò hó lé wọn lórí, wọ́n ju ìgò, ojú ti gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí òkú. Àwọn awakọ̀ tó mọ ọkọ̀ wà jù láyé ni a ń sọ yìí, tí owó ńlá sì wà nílẹ̀. Wọ́n wo táyà, wọ́n sì sọ pé àwọn kò lọ. Ojo ha ni wọ́n bí?

A mọ èsì tí ẹ ó fún wa: táyà tuntun wọ́n, tòkunbọ̀ ni agbára wa ká. Òótọ́ nìyẹn, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Igi rọ́bà wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ògùn, ó wà ní Ẹdó. Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt títí di 2007 tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà. Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà títí di 2008. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbé ẹsẹ̀ lé ohun tí ará ibòmíràn bọ́ sílẹ̀. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa ka táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ kò sí oríta tí wọn kì í tà á. Ẹ ronú sí i: ní Yúróòpù, bí ìlà ojú táyà bá ti kù sí milimítà 1.6, òfin ní kí a bọ́ ọ. Ẹni tó bọ́ èyí tí o rà yẹn ní ìdí tó fi bọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé o fẹ́ rọra wà á lọ sí kíláàsì, a kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kí o mú un wá sáré níwájú àwọn àbúrò wa tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, èyí ni a kò ní gbà. Ẹni tó rà á mọ ohun tó rà. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò mọ̀.

Nítorí náà, èyí ni ohun tí a ó sọ ní ìpàdé. Kí wọ́n má ṣe é lójú ọ̀nà tó kọjá níwájú ilé àwọn obìnrin, níbi tí gọ́tà wà lápá ọ̀tún tí àwọn alájàpá sì wà lápá òsì. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Sports Car Club of America, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1944. Wọ́n ní irú eré kan tí kò ní pápá ìdíje nínú rárá: wọ́n á wá ilẹ̀ gbalasa tí a ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n á to kóònù rọ́bà sílẹ̀, ọkọ̀ á máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa fi aago wọn ẹni tó yára jù láì wó kóònù. Kọ́nà ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe eré gbọọrọ, ọ̀nà jíjìn sì ni àwọn òǹwòran máa ń dúró sí. Kí ọkọ̀ tó wọlé, ẹnì kan á ti mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò, á wo táyà, á rí i pé bóòtù le. Ohun tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì ju ti kóònù lọ. Bí àwọn aláṣẹ ọgbà bá gbà wá láyè ní pápá ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ńlá ní ọjọ́ ìsinmi, kí a ṣe é. Bí wọ́n bá kọ̀, kí a fi ijó bàtá ṣe ayẹyẹ wa, kò sí ẹni tí táyà rẹ̀ á bẹ́.

Akọ̀wé àgbà ní kò sí ẹni tí yóò ṣe àyẹ̀wò ọkọ̀ fún wa. Àwa ti ra gééjì kan lọ́wọ́ mai faci, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wa, ìwé àkọsílẹ̀ sì wà. Ní Sátidé tó ń bọ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn tó mú, a ó wà lábẹ́ igi dongoyárò tó wà níwájú ilé ìkàwé. Kí ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ wá kí a jọ ka nọ́ńbà rẹ̀, a kò ní gba kọ́bọ̀. Ọlọ́kọ̀ Golf pupa ti ránṣẹ́ sí wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kí a yé ba òun lórúkọ jẹ́. Ní ìgbà kejì, ó béèrè bóyá a mọ ẹni tó ń ta rímù 15 tí kò tíì tẹ̀.